Ìrẹsì Tí Kò Sẹ́ni Tó Ṣèlérí Rẹ̀

Ohun tó kọ́kọ́ bí Olúṣínà nínú nídìí iṣẹ́ kánsílọ̀ ni pé iṣẹ́ náà kò ní ìlẹ̀kùn. Ní báńkì, ìlẹ̀kùn wà. Kì í sì í ṣe ìlẹ̀kùn lásán: gíláàsì ni, tó máa ń há oníbàárà mọ́ àárín títí yóò fi kó kọ́kọ́rọ́, fóònù àti ìgbéraga rẹ̀ sílẹ̀ níta. Bí ó bá bọ́ níbẹ̀, yóò bá ọlọ́dẹ pàdé, yóò bá akọ̀wé pàdé, yóò jókòó sórí àga tó tutù, yóò sì ti gbàgbé ìdajì ẹjọ́ rẹ̀ kó tó gbúròó máníjà. Olúṣínà ni máníjà yìí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì yẹn l'Ábújá, ó sì gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọgbọ́n òun ló ń mú kí gbogbo èèyàn máa fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá òun sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀, tó padà sí Lọ́kọ́ja, tí wọ́n sì dìbò yàn án ní kánsílọ̀ fún wọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn àdúgbò Kàbáwà, ilé rẹ̀ ti di ibùdókọ̀. Kí ládàánì tó pe ìrun tán ni wọ́n ti ń lu géètì. Èyí fẹ́ kó bá òun bá ọkọ òun wí. Èyí mú èsì ìdánwò ọmọ rẹ̀ wá, ó ń bínú bíi pé Olúṣínà ló kọ ìdánwò náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bàbá kan tó ti Agbájá wá, tó ní òun àti bàbá Olúṣínà jọ dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká aṣọ rẹ̀ sókè láàárín pálọ̀, ó sì na itan síwájú.

"Wo eéwo yìí dáadáa, Ṣínà. Ṣé ohun tí ojú ń rí nìyí, kí ìjọba sì dákẹ́?"

Máníjà àná dúró pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín lẹ́nu, ó ń wo eéwo.

"Bàbá Ayọ̀, ẹ dá wọn lóhùn," ni Ọpẹ́yẹmí, ìyàwó Olúṣínà, wí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. "Ìjọba ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀."

Olùkọ́ sẹ́kọ́ńdìrì ni Ọpẹ́yẹmí. Ó ti gbọ́ irọ́ ọmọ ilé ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní ẹ̀rù ọ̀rọ̀ òṣèlú mọ́, ṣùgbọ́n kò fìgbà kan rò pé ọkọ òun yóò mọ̀ ọ́n ṣe. Olúṣínà ní tirẹ̀ kò rò pé ohun kan wà nínú rẹ̀ tí èèyàn ní láti mọ̀. Lójú tirẹ̀, àìlétò ló ba ìjọba jẹ́, olè kàn ń jẹ èrè rẹ̀ ni. "Bí a bá ń ṣe ìjọba bí a ti ń ṣe báńkì," báyìí ló ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà ìpolongo, títí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò fi sọ ọ́ di orúkọ tí wọ́n fi ń pè é bó bá ń kọjá.

Ìlérí kan ṣoṣo ló ṣe fún wọn: omi kò ní wọlé mọ́. Gọ́tà ńlá kan ti ìdí Òkè Pàtì wá, ó gba àárín àdúgbò lọ sí Odò Ọya. Wọ́n ti fi kọnkéré bò ó látijọ́, àwọn oníṣòwò sì ti to ìsọ̀ sórí kọnkéré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: ẹlẹ́ja, aláṣọ òkìrìkà, oníṣẹ́ fóònù, ẹni tó ń jó irin. Ìdọ̀tí ti dí inú rẹ̀ pa. Bí òjò bá dé, omi tí kò rí gọ́tà wọ̀ yóò wọ yàrá. Lọ́dún tó kọjá, ó gbé ìkòkò ọbẹ̀ láti ilé kan dé ilé kejì, ẹni tó rí i sì jẹ ẹ́, ó ní Ọlọ́run ló rán an sí òun.

Olúṣínà sáré títí, ó rí katapílà gbà. Ọjọ́bọ̀ ni yóò wá. Bí ó bá dé tí ìsọ̀ ṣì wà lórí gọ́tà, àdúgbò mìíràn ni yóò kọjá sí, kò sì ní yà mọ́ títí òjò yóò fi dé. Ohun tó kù kò ju pé kí àwọn oníṣòwò gbà láti kó kúrò.

Mùtàlíbù, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ní wọ́ọ̀dù náà, ní kò le. Ọkùnrin Ẹ̀bìrà ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà rẹ̀ kì í jókòó síbi kan. "Ẹ rìn lọ bá wọn, Ọnọ́rébù. Ẹ lóṣòó. Ẹ bi wọ́n bí ọjà ṣe ń lọ. Ẹ jẹ ẹja díẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ ti bá wọn sọ ọ́."

Olúṣínà wò ó bí ẹni tí wọ́n ní kó wá jó lójú pópó. Kí òun lóṣòó? Pẹ̀lú ṣòkòtò yìí? Rárá. Àwọn oníṣòwò ni yóò wá bá òun ní ọ́fíìsì ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kí katapílà tó dé, níkọ̀ọ̀kan, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ẹnikẹ́ni. Tálì, káàdì onínọ́mbà, ni òun yóò pín fún wọn bíi ti báńkì.

"Nọ́mbà?" ni Mùtàlíbù bi í.

"Nọ́mbà."

Mùtàlíbù rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́. "Ọnọ́rébù! Àṣé ẹ gbọ́n tó báyìí, tí ẹ wá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi díẹ̀ lé e fún àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa."

"Ṣé wọ́n ní ìsọ̀ lórí gọ́tà ni?"

"Wọn yóò ní in."

Ìtara tí ọkùnrin yìí ní fún ètò wú Olúṣínà lórí. Ó ṣe káàdì náà dáadáa: aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n fi ọ̀rá bò. Nọ́mbà wà lókè, àwòrán Olúṣínà wà lábẹ́ pẹ̀lú táì, ó ń rẹ́rìn-ín máníjà, ẹ̀rín tí kì í dé ojú. Gbólóhùn kan ló wà nísàlẹ̀: "Mú káàdì yìí dání ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀." Kò kọ ohun tí wọn yóò wá ṣe, nítorí pé ní báńkì, ta ni í kọ ìdí tí èèyàn fi ń gba tálì?

Láti ọjọ́ tí káàdì ti jáde ni ìfẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà ń fun fèrè fún un. "Sannu, Honourable! Correct man!" Ní ṣọ́ọ̀ṣì, pásítọ̀ ní kó dìde kí ìjọ rí i. Àwọn Òwòrò tó ń kó ẹrù oko wọlé dúró lójú ọ̀nà láti kí i, "Okun o! Okun o!", tí wọ́n sì ń bi í bóyá káàdì ṣì kù. Hàlímàt, ìyá Nupé tó ń ta ẹja yíyan lórí gọ́tà, tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ ńṣe ló máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí Olúṣínà bá ń kọjá, fi ẹja ńlá méjì ránṣẹ́ sí ilé rẹ̀.

"Ṣé o rí i?" ni Olúṣínà wí, ó ń ya ẹja. "Òùngbẹ ètò ló ti ń gbẹ àwọn èèyàn wọ̀nyí. Wọn kò kàn rí ẹni ṣe é fún wọn ni."

"Ètò?" ni Ọpẹ́yẹmí wí. Ó wo ẹja náà, ó wo ọkọ rẹ̀. "Ẹja yìí tóbi ju ètò lọ o."

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Ọpẹ́yẹmí ti ọjà dé, kò sì tíì sọ ẹrù tó fi jókòó.

"Bàbá Ayọ̀, ṣé ti òyìnbó ni àbí ti ìbílẹ̀?"

"Kí ni?"

"Ìrẹsì."

"Ìrẹsì wo?"

"Èyí tí ẹ fẹ́ pín lọ́la. Ìyá ẹlẹ́ja ló bi mí. Mo ní n kò mọ̀, ó ní ahun ni mí, pé mo fẹ́ kó o pamọ́ fún ẹbí mi."

Òye wá yé Olúṣínà díẹ̀díẹ̀, bí omi ṣe ń wọ yàrá. Ta ni kò mọ̀ ní ìlú yìí pé ìjọba kì í ka èèyàn lásán? Bí wọ́n bá kà ọ́ tí kì í ṣe ọdún ìbò, ìrẹsì ni. Ẹ̀rín Mùtàlíbù, fèrè ọlọ́kadà, àdúrà pásítọ̀: ìrẹsì ni gbogbo rẹ̀.

"Ẹ lọ sọ fún wọn," ni Ọpẹ́yẹmí wí. "Nísinsìnyí."

Ó dìde lóòótọ́. Ó wọ bàtà, ó dé ẹnu géètì, ó sì dúró. Àwọn èèyàn ń ru ẹrù kọjá. Tábìlì, páánù, bẹ́ǹṣì, agboòrùn ńlá. Hàlímàt fúnra rẹ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú tábìlì lórí, ó ń làágùn.

"Màmá, kí lẹ ń ṣe?"

"À ń la ọ̀nà ni, Ọnọ́rébù! Bí ìsọ̀ bá wà níbẹ̀, báwo ni tírélà yóò ṣe wọlé? Gbogbo wa la ti kó kúrò. Láti òkè dé ìsàlẹ̀!"

Olúṣínà wo ọ̀nà. Gọ́tà náà hàn gbangba, kọnkéré rẹ̀ funfun nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ohun tó gbàdúrà fún gan-an nìyí, ó wá nà gbalaja síwájú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá," ló wí.

Nígbà tó wọlé, ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é. "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn?"

"Ilẹ̀ ti ṣú."

Ọpẹ́yẹmí wo ojú fèrèsé, níbi tí oòrùn ti ń wọlé gba àárín aṣọ ìbòjú. Olúṣínà ìbá fẹ́ kó pariwo.

Ní Ọjọ́bọ̀, èrò pọ̀ lẹ́bàá gọ́tà ju èyí tó wá sí ìbò lọ. Wọ́n mú àpò wá, wọ́n mú bàsíà, wọ́n ti ọmọlanke. Káàdì búlúù wà lọ́rùn wọn. Ojú Olúṣínà ń rẹ́rìn-ín láyà obìnrin, ó ń rẹ́rìn-ín láyà ọkùnrin, ó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín láyà àwọn tí Olúṣínà kò fún ní káàdì, tí wọ́n ti lọ ṣe tiwọn lọ́dọ̀ oníṣẹ́ fọ́tò. Mùtàlíbù ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn to wọ́n sí ìlà.

"Tírélà mélòó, Ọnọ́rébù?" ló rọra bi í.

"Kò sí tírélà."

"Háà. Ọkọ̀ akẹ́rù lásán ni?"

"Mùtàlíbù, kò sí ìrẹsì. Kò fìgbà kan sí ìrẹsì. Katapílà ló ń bọ̀."

Ẹ̀rín kò kúrò lójú Mùtàlíbù, ó kàn dúró bí ẹran tí iná mọ́tò bá lójú ọ̀nà. Ó wo èrò. Ó wo gọ́tà tó mọ́ fefe. Ó wá wo Olúṣínà láti orí dé ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tí kò fún un rí.

"Ẹ tan gbogbo wa," ló wí. "Àní èmi!"

"N kò tan ẹnikẹ́ni! Ìwọ lo..."

"Ṣ-ṣ-ṣ. Ẹ má tíì sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ yẹn kọ́kọ́ fi eyín kan ilẹ̀."

Ó fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́, ó sì sún sẹ́yìn, síbi tí òkò kò lè dé.

Ìhámọ́ra òtítọ́ ni Olúṣínà ti wọ̀ láti ilé. Ó ti pinnu pé ọ̀rọ̀ kìn-ín-ní tí yóò jáde lẹ́nu òun ni "kò sí ìrẹsì". Ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìró katapílà lókèèrè, ní apá ibi tí ọ̀nà ti ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì rò pé ó yẹ kí èèyàn kí ará ìlú ná. Ó kí ọba. Ó kí àwọn ìjòyè. Ó kí àwọn lèmọ́mù, ó kí àwọn pásítọ̀, ó kí ìyálọ́jà, ó kí ẹgbẹ́ ọlọ́kadà àti ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Ní báńkì, òun ló máa ń wo aago bí ẹnikẹ́ni bá ń ka orúkọ àwọn ènìyàn pàtàkì. Lónìí, ó kí àwọn tó wà níbẹ̀, ó kí àwọn tí kò rí àyè wá, ó sì ń kí àwọn tó ti kú lọ́wọ́ nígbà tí katapílà yọ, tó gbé ọwọ́ sókè, tó sì já a lu kọnkéré. Kọnkéré fọ́.

Nígbà náà ló sọ ọ́. "Ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ìrẹsì. Gọ́tà la wá là."

Lẹ́yìn náà ni ohùn obìnrin kan ta jáde láàárín èrò: "Ó ti jẹ ẹ́!"

"Olè!" "Barawo!" "Honourable don chop our rice o!"

Àpò òfìfo kan fò wá, ó bò ó lójú. Olúṣínà ṣí i kúrò, ó na káàdì kan sókè. "Níbo ni wọ́n kọ ìrẹsì sí nínú èyí?"

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí pé kì í ṣe ìrẹsì?" ni oníṣẹ́ fóònù dáhùn, èrò sì hó yèè. Ó dájú pé bàbá lọ́yà kò lè ṣe é dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tó máa di ọ̀sán, ìròyìn ti kàn dé àdúgbò Adankolo pé tírélà náà wọlú ní ìdájí, pé ilé ìyá Olúṣínà ní Agbájá ni wọ́n já a sí. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ti di tírélà méjì. Ìyá Olúṣínà pè é lórí fóònù, ó ní àwọn aládùúgbò ń wá bá òun, pé bí ó bá jẹ́ òótọ́ ni, kó jọ̀ọ́ jẹ́ kí òun rí i.

Katapílà parí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Gọ́tà náà jinlẹ̀, ó mọ́, ó lọ tààrà dé odò. Olúṣínà ya fọ́tò rẹ̀ láti igun oríṣìíríṣìí. Ó gbà pé ẹ̀sín yóò kọjá, iṣẹ́ yóò sì dúró.

Iṣẹ́ náà dúró títí tí pákó fi dé. Olúṣínà jáde ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó rí i pé wọ́n ti to pákó sórí gọ́tà láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti gbé ìsọ̀ padà sórí pákó. Ẹlẹ́ja wà níbẹ̀, aláṣọ òkìrìkà wà níbẹ̀, oníṣẹ́ fóònù ń fẹ́ eruku. Ní abẹ́ pákó, ọ̀rá àti háhá àgbàdo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ara wọn jọ. Àwọsánmà dúdú sì ti ń yọ orí lókè Pàtì.

Ó fi ìbínú rìn lọ bá Hàlímàt. "Màmá, kí lèyí?"

"Pákó ni," ni Hàlímàt wí. Ó ń yí ẹja padà.

"Lórí gọ́tà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ là?"

"Torí tírélà la ṣe kó kúrò. Tírélà ò wá. Kí la tún ń dúró níta ṣe?"

Olúṣínà mọ̀ pé òótọ́ ló wí. Àní ní báńkì, bí wọ́n bá ti gba ohun ìdógò lọ́wọ́ rẹ tí wọn kò yá ọ lówó, ó yẹ kí wọ́n dá a padà fún ọ. "Omi ń bọ̀, Màmá! Yàrá yín ni yóò wọ̀!"

Hàlímàt gbé orí sókè. Nígbà tí inú bá ń bí i, "ẹ" máa ń bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀.

"Mo mọ̀ pé omi ń bọ̀. Èmi ni omi ń bá sùn, kì í ṣe ìwọ. Ìwọ ò wá bá mi sọ ti omi rí. Fọ́tò rẹ lo fún mi. Mo ru tábìlì mi kọjá lẹ́nu géètì rẹ, ní ọjọ́ orí mi yìí. O rí mi. O ti mọ̀ pé kò sí nǹkan kan. O ní, 'Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá.'"

Ìsọ̀ kejì ti dákẹ́ láti gbọ́, ìsọ̀ kẹta sì ti sún àga mọ́ wọn. Olúṣínà fẹ́ sọ pé òun fẹ́ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ sọ pé ire wọn ni òun ń wá. Gbogbo rẹ̀ dún létí ara rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́ tí báńkì máa ń kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Ó jókòó sórí pákó, pẹ̀lú ṣòkòtò yẹn.

"Mo mọ̀ lóòótọ́," ló wí. "Mo sì dákẹ́. Ẹ má bínú, Màmá."

Hàlímàt yí ẹja méjì sí i. "Ó dáa. Bí òjò bá ṣú, a ó yọ pákó, kí omi lè gbé ìdọ̀tí lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ óò wá sọ fún wa. Ní ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan. Pẹ̀lú ẹnu yín."

"Gbogbo ìgbà tí òjò bá ṣú?"

"Òjò kì í gba nọ́mbà kó tó dé, Ọnọ́rébù."

Olúṣínà gbìyànjú láti dín in kù. Ó ní ṣé kí òun máa fi ránṣẹ́ sórí fóònù. Wọ́n ní rárá. Ó ní ṣé Mùtàlíbù lè máa wá dípò òun. Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín, àti ẹni tó ń jó irin. Ó ní ó kéré tán, kí wọ́n máa jẹ́ kí òun bẹ̀rẹ̀ láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé. Èyí ni wọ́n gbà fún un, nítorí pé ibẹ̀ náà ni omi ń gbà wá.

Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, atẹ́gùn ti ń gbé páánù. Ó rò pé yóò sáré sọ ọ́, yóò sì lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ìsọ̀ tó gbọ́ "ẹ yọ pákó" lẹ́nu ẹni tí kò tíì béèrè bí wọ́n ṣe sùn. Aláṣọ òkìrìkà ní kó bá òun di àpò kan mú. Oníṣẹ́ fóònù fẹ́ mọ̀ bóyá ìjọba gbọ́ nípa iná tí kò sí. Bàbá Òwòrò kan tó ń ta èlùbọ́ kí i, ó kí i, ó tún kí i, Olúṣínà sì ń dáhùn, "Okun o, bàbá, okun o, ẹ jọ̀ọ́, pákó yín," ó sì ń wo òkè tí òjò ti bò mọ́lẹ̀. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bú àdúgbò náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé.

Òjò dé kó tó parí. Omi já wá láti òkè pẹ̀lú ariwo, ó gbé ọ̀rá, ó gbé sálúbàtà, ó gba abẹ́ ibi tí pákó wà tẹ́lẹ̀ kọjá, kò yà sí yàrá kankan. Àwọn èèyàn dúró lábẹ́ òrùlé, wọ́n ń wò ó. Ẹnìkan ní òjò ọdún yìí kò lágbára tó ti ọdún tó kọjá. Gbogbo wọn gbà bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó wo ọ̀dọ̀ Olúṣínà.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ wò ó, wọn kò ní mọ̀ ọ́n. Ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níwájú ìsọ̀ Hàlímàt, ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, táì rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn láyà, bàsíà ẹja yíyan sì wà lórí rẹ̀ tí ọ̀rá bò, nígbà tí ìyá náà ń fa pákó tó kẹ́yìn.

"Ẹ gbé e sókè, Ọnọ́rébù!" ni Hàlímàt ń pariwo láàárín òjò. "Ẹ gbé e sókè dáadáa! Èyí tí omi bá kàn nínú rẹ̀, ẹ óò rà á o!"